Bí Mo Ṣe Wá Pupa Mọ́tò Dé Ìlú Àwọ̀-Ṣíṣá

Ẹ jókòó. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn, ẹ sún mọ́ abẹ́ igi ìyeyè, nítorí ohùn mi kò dún bí ó ti ń dún tẹ́lẹ̀ mọ́, mi ò sì ní tún ohun tí mo bá ti sọ sọ. Ẹ̀yin lẹ fi ẹnu ara yín bi mí pé kí ló dé tí mi ò fi í jẹ́ kí ọmọ ẹnikẹ́ni fi aṣọ nu mọ́tò mi, àní nígbà tí eruku bá bò ó tí ẹ fẹ́ ràn mí lọ́wọ́. Ládípọ̀ tilẹ̀ ní ahun ni mí. Mo gbọ́ ọ, Ládípọ̀, etí ọdẹ kì í dàgbà. Màá sọ ọ̀rọ̀ náà láti ìdí dé orí, ṣùgbọ́n bí Ìbíwùmí àbúrò mi bá yọjú láti inú ilé pé oúnjẹ ti délẹ̀, ibi tí a bá bá a dé ni màá fi í sí, màá sì dìde.

Èmi ni Ọdẹ́dìran ọmọ Ajíbógundé. Ẹfọ̀n mọ̀ mí. Ìkookò tó bá gbọ́ òórùn mi a yí ọ̀nà padà. Igbó tí àwọn bàbá yín fi orúkọ rẹ̀ dẹ́rù bà yín ní kékeré, mo ti wọ̀ ọ́, mo sì sun oorun àsùnhanrun níbẹ̀. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe ojo ló ń bá yín sọ̀rọ̀ nígbà tí mo bá dé ibi tí ẹ̀rù ti bà mí. Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀rù náà kò sì tíì kúrò lára mi dòní.

Ẹ wo mọ́tò náà. Ìjàpá ni à ń pe irú rẹ̀ nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tó rí roboto. Nígbà tí mo rà á, ó pọ́n bí ẹyìn tó gbó lórí ọ̀pẹ. Òun ni mo wà lọ sí abúlé àwọn Àwẹ̀ró nígbà tí mo ń lọ fẹ́ ẹ. Àwọn ọmọdé sá tẹ̀lé mi láti ẹnu bodè. Bàbá rẹ̀ jáde, ó fọwọ́ kan ara mọ́tò, ó wá yí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ wò bóyá pupa náà ti bá a lọ́wọ́. Àwẹ̀ró ń yọjú lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn ìgbéyàwó ló tó sọ fún mi pé kì í ṣe èmi lòun kọ́kọ́ rí lọ́jọ́ náà. Ó ní pupa yẹn lòun rí, òun sì ń wò ó títí òun fi rí i pé ènìyàn wà nínú rẹ̀. A jọ fi í rẹ́rìn-ín fún ọdún gbọọrọ.

Oòrùn kì í bá ènìyàn pariwo, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí kì í ṣe. Díẹ̀díẹ̀ ni pupa náà ń ṣá. Òrùlé mọ́tò funfun bí ẹni fi ẹfun pa á, bí o bá sì fọwọ́ rà á, ìyẹ̀fun pupa fẹ́ẹ́rẹ́ á bá ọ lọ́wọ́. Mi ò kà á sí. Mọ́tò tó ń rìn, kí ni mo fẹ́ fi àwọ̀ rẹ̀ ṣe? Nígbà tó yá ni iyè Àwẹ̀ró náà bẹ̀rẹ̀ sí í ra. Ó gbàgbé ibi tó fi iyọ̀ sí. Ó gbàgbé orúkọ àwọn ọmọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan mo gbé ẹ̀kọ wọlé fún un, ó sì fara balẹ̀ wò mí bí ènìyàn ṣe ń wo àlejò.

Ó ní, “Bàbá, ta lẹ ń wá?”

Mo ní, “Èmi ni, Àwẹ̀ró. Ọkọ rẹ ni.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi ṣe irú eré bẹ́ẹ̀. Ọkọ mi lọ sóko ọdẹ. Òun ló ni mọ́tò pupa.”

Mo mú un dé ojú fèrèsé, mo nawọ́ sí mọ́tò náà. Ó wò ó, ó mi orí, ó ní, “Ìyẹn kọ́. Ti ọkọ mi pupa.”

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé àṣà abúlé wọn fún yín, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀ràn wà. Lọ́dọ̀ wọn, bí ọkọ bá lọ sóko ọdẹ, ìyàwó kì í jẹun kánú títí yóò fi dé. Bí yóò bá pẹ́, ọkọ á ránṣẹ́ pé kó jẹun, kó fi tòun pamọ́. Ẹni tó bá sì jẹ́ iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ mú ohun tó jẹ́ ti ọkọ dání, kí ìyàwó fojú ara rẹ̀ rí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní gbà á gbọ́. Gbogbo nǹkan ni Àwẹ̀ró ti gbàgbé, kò gbàgbé èyí. Ó ń dúró dè mí, èmi tí mo dúró níwájú rẹ̀. Mo fi fìlà mi rán Ládípọ̀ yìí sí i. Kò mọ fìlà náà. Mo fi ìbọn ṣakabùlà mi rán ẹlòmíràn, kò mọ̀ ọ́n. Pupa nìkan ló mọ̀. Ìbíwùmí a rọ ẹ̀kọ mímu sí i lẹ́nu, á gbé díẹ̀ mì, á sì fọwọ́ dá a dúró pé, “Ó tó. Ẹ jẹ́ kí n dúró dè é.” Egungun èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ.

Kí ni ọmọ Ògún yóò ṣe? Irin ni mọ́tò. Bí irin ọdẹ bá dijú, epo la fi ń là á lójú. Mo gbé kèǹgbè epo jáde, mo fi pa mọ́tò náà láti imú dé ìrù, mo sì ń kì í bí mo ti ń pa á. Ẹ̀yin ará mi, ó pọ́n. Ní ọjọ́ náà, mo fùjà káàkiri àdúgbò yìí, mo ní kí wọ́n wá wo iṣẹ́ àgbà ọdẹ. Àfi bí ọyẹ́ ṣe fẹ́. Gbogbo eruku ìlú wá lẹ̀ mọ́ ọn, eèrà tò wọ̀ ọ́, adìyẹ ń ṣa eèrà jẹ lára rẹ̀, ó sì di aláwọ̀ ẹrẹ̀. Àwẹ̀ró yọjú ní fèrèsé, ó ní, “Mọ́tò ẹlẹ́rẹ̀ wo nìyí?” Ó pa fèrèsé dé.

Mo wa mọ́tò náà lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń fín ọ̀dà. Ó fín pupa tuntun sí ibi kékeré kan ní ìdí rẹ̀ kí n kọ́kọ́ wò ó. Mo bẹ Àwẹ̀ró, ó jáde, ó tẹ̀ ba, ó wò ó dáadáa. Ó ní, “Tòmátò nìyí. Ẹ má fi tòmátò tàn mí.” Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ gbà pé irú pupa àtijọ́ yẹn kò sí mọ́. Mo padà sílé, mo jókòó sórí àpáta ẹ̀yìnkùlé, mo rò ó títí. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé bí atẹ́gùn bá ti fẹ́ kọjá lórí mọ́tò náà, ìyẹ̀fun pupa á dìde, kì í sì í fọ́n ká. Apá kan ṣoṣo ló ń lọ, ìyẹn ìhà Igbó Àìwẹ̀yìn, tí a kì í ṣọdẹ nínú rẹ̀.

Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Mo wọ gbérí, ẹ̀wù ọdẹ mi, mo so ìbọn mọ́ òrùlé mọ́tò. Ìbíwùmí di ilẹ̀kùn mú.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, bí ẹ bá pẹ́, ẹ lè má bá a o.”

Mo ní, “Bí mo bá dúró, mi ò ní í bá a náà.” Mo ṣáná sí mọ́tò, mo tẹ̀lé ìyẹ̀fun pupa náà.

Ẹ má bi mí bí ìjàpá ṣe ń rìn nínú igbó tí kò lọ́nà. Àwọn igi ló ń yẹ̀ fún mi. Ìrókò kan lọ́ra láti yẹ̀, mo fọn fèrè mọ́tò sí i, ó sì gbé gbòǹgbò rẹ̀ kúrò pẹ̀lú ìbínú. Mo ń lọ títí mo fi kan iwin kan tó jókòó sí àárín ọ̀nà. Ara rẹ̀ funfun kíníkíní, kò ní ẹyinjú, síbẹ̀ mo mọ̀ pé ó ń wò mí. Oníbodè ìlú náà ni.

Ó ní, “Ta ló bọ́ aṣọ tó kú dànù, tí a tún bá aṣọ lára rẹ̀, tí kò lọ sọ́jà, tí kò dé ọ̀dọ̀ aránṣọ?”

Mo bú sẹ́rìn-ín. Àlọ́ tí ọmọ ọwọ́ ń já ni wọ́n gbé ka iwájú Ọdẹ́dìran? Mo ní, “Ejò ni. Bí o bá ní èyí tó le, mú un wá, nítorí kò sí ohun tí mi ò mọ̀ nínú igbó.”

Iwin náà rẹ́rìn-ín títí ìyẹ̀fun fi ń jábọ́ lára rẹ̀. Ó ní, “Ẹnu rẹ mọ̀ ọ́n. Ó ku kí ọwọ́ rẹ mọ̀ ọ́n.” Ó wá sọ pé ẹni tó bá fẹ́ wọ ìlú àwọn gbọ́dọ̀ fi àwọ̀ kan sílẹ̀ ní bodè, nítorí pé mo sì fọ́nnu, òun fúnra òun ni yóò yan èyí tí òun fẹ́. Ó na ọwọ́, ó fi ra orí mi. Ẹ rí irun mi tó funfun yìí? Àwọn tó ní ọjọ́ orí ló fà á ń parọ́. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Bí mo ṣe wọ Ìlú Àwọ̀-Ṣíṣá nìyẹn. Gbogbo àwọ̀ tó ti ṣá láyé, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé, wọ́n sì di ènìyàn. Aró aṣọ tó ti gbó ń rìn kiri bí obìnrin. Àwọ̀ ewéko ara ilẹ̀kùn àtijọ́ jókòó lẹ́nu ọ̀nà bí bàbá àgbà. Kò sí ariwo, kò sí òórùn oúnjẹ. Bí atẹ́gùn bá ti fẹ́, gbogbo wọn á sáré di ògiri mú kó má baà fọ́n wọn ká. Nígbà tí wọ́n rí i pé ayé ni mo ti wá, wọ́n rọ̀gbà yí mọ́tò náà ká. Obìnrin aláwọ̀ aró kan gbé ẹnu sí ojú fèrèsé mi.

Ó ní, “Bàbá ọdẹ, ọ̀já ni mí. Ọmọ tí wọ́n fi mí pọ̀n, ṣé ó ṣì wà?”

Mi ò mọ ọmọ náà. Mo ní ó wà, ó ti dàgbà, ó ti bímọ. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó tún lọ bi mí léèrè ní fèrèsé kejì, bí ẹni tí kò tíì bi mí rí. Ọkàn mi bàjẹ́, nítorí bí Àwẹ̀ró ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn.

Lábẹ́ àtíbàbà kan ní ìpẹ̀kun ìlú ni mo ti rí ohun tí mo bá wá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan jókòó síbẹ̀, pupa láti orí dé ẹsẹ̀. Mo sún mọ́ ọn, orí mi wú. Èmi ni. Èmi ni mo jókòó síbẹ̀, kí tàkúté tó fi àpá yìí sí mi lójú, kí eyín iwájú mi tó yọ.

Ó ní, “Bàbá, ẹ pẹ́ kí ẹ tó dé.”

Mo ní, “Dìde, ká lọ sílé. Ebi ń pa Àwẹ̀ró kú lọ.”

“Bí mo bá bá yín lọ, èmi ni yóò pè ní ọkọ. Ọwọ́ mi ni yóò ti jẹun. Níbo lẹ̀yin máa wà?”

Inú bí mi. Mo ní, “Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Kí lo mọ̀ nípa Àwẹ̀ró? Àárọ̀ ọjọ́ kan lo mọ̀. Èmi ni mo bá a sin òkú àkọ́bí wa. Èmi ni mo fẹ́ná fún un nígbà tí ibà dá a dúbúlẹ̀.” Lẹ́yìn náà ni mo sọ ọ̀rọ̀ tó dùn mí jù láyé. Mo ní, “Máa bọ̀. Màá sùn sí ilé ìdáná. Kó ṣáà jẹun.”

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wò mí tàánútàánú. Ó ní, “Bàbá, òkú ni mí. Eruku tí oòrùn pa lẹ rí yìí. Pupa tó wà láàyè kò kúrò lára mọ́tò yín rí.” Mi ò gbọ́ tirẹ̀. Mo dì í mú lọ́wọ́, ó fúyẹ́ bí ìyàngbò, mo tì í sínú mọ́tò, mo sì sáré jáde kúrò ní ìlú náà.

Ó kù díẹ̀ ká jáde nínú igbó nígbà tí òjò dé. Ẹ mọ̀ pé fèrèsé kan lára mọ́tò yìí kì í gòkè. Mo bọ́ gbérí mi, mo fi dí i, omi ń gba inú rẹ̀ wọlé. Mo bojú wo ẹ̀gbẹ́ mi, ìka ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti ń kán tótó sórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ó ní, “Bàbá, kí lẹ fi já àlọ́ oníbodè?”

Mo ní, “Ejò.”

“Ejò náà ni. Ẹ bọ́ èyí tó kú kúrò, ẹ óò bá èyí tó yè nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n kò nípọn ju èèpo àlùbọ́sà lọ. Ìgbàkígbà tí ẹ bá fọwọ́ kàn án, ẹ ń bù nínú rẹ̀ ni.”

Mo ní, “Ta ni yóò wá sọ fún Àwẹ̀ró pé èmi ni?” Ó ti yọ́ tán. Omi pupa gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde, ó sì bá àgbàrá lọ.

Ìbíwùmí pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Ojú rẹ̀ wú. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, omi nìkan ló ń gbà láti àná.” Mi ò wọlé. Mo fi ọṣẹ dúdú fọ gbogbo epo tí mo ti fi òmùgọ̀ pa sí mọ́tò náà kúrò. Mo jọ eérú nínú aṣọ títí ó fi kúnná, mo fi omi pò ó. Mo wá ìró Àwẹ̀ró kan tó ti gbó tó sì ti rọ̀, mo ya á, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ra orí mọ́tò náà, ibi tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ lẹ́ẹ̀kan. Pupa bẹ̀rẹ̀ sí í jáde sí aṣọ náà. Ó ń jáde, ó ń ṣàn sí mi lápá, ó ń kán sílẹ̀. Mo ti pa ẹran tó pọ̀, mo mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń jáde lára ohun tó ń kú. Mo rò pé mò ń pa pupa tó ṣẹ́kù ni. Mo fẹ́ dá a dúró. Mo da omi sí i, mo nù ún, mo sì rí i. Pupa ẹyìn. Ó ń wò mí láti abẹ́ èyí tó ti kú. Mo sunkún, bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó kọ́kọ́ lọ pa ẹfọ̀n kan wá.

Ṣùgbọ́n ìkánjú mú mi. Ní etí òrùlé, níbi tí irin ti tẹ̀, mo rántí egungun èjìká rẹ̀, mo fi gbogbo agbára mi rà á. Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun a fagbára mú ní í le koko. Pupa náà tán níbẹ̀, ọ̀dà eléérú tó wà nísàlẹ̀ sì yọjú. Ibi tí ẹ ń béèrè rẹ̀ nìyẹn, tí ẹ rò pé ẹ̀ka igi ló ha á. Láti ibẹ̀ lọ, mo ń fi ọwọ́ tí a fi ń gbé ẹyin rà á. Nígbà tí mo rà á tán, mo yọ́ ìda oyin, mo fi pa á kí oòrùn má baà tètè rí i, mo sì fi aṣọ gbígbẹ nù ún títí mo fi ń rí ojú ara mi nínú rẹ̀. Ojú arúgbó ni.

Ìbíwùmí fi èjìká gbé Àwẹ̀ró dé ẹnu ọ̀nà. Ó wo mọ́tò náà. Ó já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ Ìbíwùmí, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ìdí rẹ̀, ó fọwọ́ kàn án, ó yí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ wò, gẹ́gẹ́ bí bàbá rẹ̀ ti ṣe lọ́jọ́ kìíní. Ojú rẹ̀ là.

Ó ní, “Ọkọ mi ti dé.”

Mo ti na ọwọ́ mi méjèèjì sí i. Ó wo irun funfun mi, ó wo apá mi tó pọ́n, ó sì kúnlẹ̀ díẹ̀ bí ọmọ tí a kọ́ dáadáa.

Ó ní, “Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀yin lẹ bá a fọ mọ́tò? Níbo ló wà?”

Gbogbo ọfọ̀ tí mo mọ̀ kò wúlò fún mi nígbà náà. Mo sọ ọwọ́ mi kalẹ̀. Mo ní, “Òun ló rán mi, ìyá. Mọ́tò rẹ̀ rèé gẹ́gẹ́ bí àmì. Ó ní kí ẹ jẹun, kí ẹ fi tòun pamọ́.”

Ó ní, “Ó dára. Ẹ gbé e wá.” Ó wọ inú mọ́tò, ó jókòó síbi tó jókòó sí lọ́jọ́ tí mo gbé e kúrò nílé bàbá rẹ̀. Mo gbé ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀ fún un, ó sì jẹ ẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó gé ọ̀lẹ̀ náà sí méjì, ó wé ìlàjì kan padà sínú ewé, ó sì nà án sí mi. Ó ní, “Ẹ bá mi fi èyí sílẹ̀ dè é. Ibi ìdí ewé ni mo bù fún un, ó fẹ́ràn ibẹ̀.”

Òótọ́ ni. Láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn ibẹ̀. Mo gbé e lọ sẹ́yìnkùlé, mo jókòó sórí àpáta, mo sì jẹ ẹ́. Tèmi ṣáà ni.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn títí dòní. Bí oòrùn bá tún ti mú un ṣá, màá po eérú mi, màá rà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ibi eléérú yẹn á sì tún fẹ̀ sí i. Mo máa ń dúró wò ó, mo máa ń wo Àwẹ̀ró, mo máa ń wo ara mi. Mi ò mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ tán nínú àwa mẹ́ta. Àdúrà mi ni pé kó má jẹ́ pupa náà. Nítorí ìdí èyí ni mi ò fi lè jẹ́ kí ọmọ yín fi aṣọ kàn án, Ládípọ̀. Kì í ṣe ahun.

Ìbíwùmí ti yọjú. Ẹ fà mí dìde. Ẹ jẹ́ kí n lọ jẹ́ iṣẹ́ tí mo rán ara mi, kí n sì lọ gba èyí tó fi pamọ́ dè mí.